Òkúta Kan Há sí Télọ̀ Lára

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ni, nínú pálọ̀ tí télọ̀ kan sọ di ṣọ́ọ̀bù: ẹ̀rọ ìránṣọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, yúnífọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé wà gègèrè lórí tábìlì, télọ̀ fúnra rẹ̀ sì kúnlẹ̀, ó fi iwájú orí gbálẹ̀, ìdí rẹ̀ wà lókè. Ìyàwó rẹ̀ ti lọ síbi iṣẹ́, ó sì ti bẹ ìyá rẹ̀ kó wá tọ́jú ọkọ òun títí di ìrọ̀lẹ́. Màmá náà, tó fi ọdún méjìlélọ́gbọ̀n gbálẹ̀ ọsibítù kó tó fẹ̀yìn tì, tí etí rẹ̀ sì máa ń gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀, ló ń ti ilẹ̀kùn wọlé yìí.

TÉLỌ̀: Yéè! Olúwa o!

ÌYÁ: (Ó bọ́ bàtà, ó dúró jẹ́ẹ́, ó dijú.) Àmín.

TÉLỌ̀: Olúwa, gbà mí!

ÌYÁ: Àmín o.

TÉLỌ̀: Mo kú o!

ÌYÁ: Àmí... (Ó lajú.) Ọkọ ọmọ mi, irú àdúrà wo nìyẹn?

TÉLỌ̀: Ẹ káàsán, mà. Kì í ṣe àdúrà, ìrora ni. Ẹ má bínú pé ìdí ni mo kọ sí yín.

ÌYÁ: Ẹ má yí i padà, tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló ti rọ̀ yín lọ́rùn. Níbo ló ń dùn yín?

TÉLỌ̀: Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn ló ti bẹ̀rẹ̀, mà. Ó wá gba ikùn sọ̀ kalẹ̀ lọ sí... ìsàlẹ̀.

ÌYÁ: Ìsàlẹ̀ ibo?

TÉLỌ̀: Ibi tí èèyàn kì í dárúkọ níwájú ìyá ìyàwó ẹni.

ÌYÁ: Orúnkún?

TÉLỌ̀: Ẹ gòkè díẹ̀, mà.

ÌYÁ: Itan?

TÉLỌ̀: Ẹ jẹ́ ká dúró síbẹ̀ yẹn, mà. Dókítà ní kíndìnrín ni.

ÌYÁ: Kí lẹ ń dín? Nínú ìrora yìí?

TÉLỌ̀: N kò dín nǹkan kan, mà! Kín-dìn-rín! Wọ́n yàwòrán inú mi, wọ́n sì rí òkúta níbẹ̀.

ÌYÁ: Òkúta! Ó tóbi tó kí ni?

TÉLỌ̀: Mílímítà márùn-ún.

ÌYÁ: (Ó wá àga, ó jókòó wùù.) Máìlì márùn-ún! Ilé mi síbí kò tó bẹ́ẹ̀.

TÉLỌ̀: Mí-lí-mí-tà, mà! Kò ju ẹyọ ìrẹsì kan lọ.

ÌYÁ: (Ó dìde.) Ẹyọ ìrẹsì? Ọmọ mi ń sunkún lórí fóònù, mo fi aṣọ sílẹ̀ nínú omi ọṣẹ, mo sáré wọ bọ́ọ̀sì, nítorí ẹyọ ìrẹsì kan?

TÉLỌ̀: Ó ní ṣóńṣó, mà.

ÌYÁ: Ó dáa. Ṣóńṣó nìkan ni mo máa bá a kẹ́dùn. Ṣùgbọ́n ẹ fọkàn balẹ̀, ẹni tó mọ òkúta ló dé yìí. Wọ́ọ̀dù kẹta ni wọ́n máa ń kó àwọn tó ní òkúta sí. Kò sí èyí tí n kò gbálẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

TÉLỌ̀: Ẹ mọ ìtọ́jú rẹ̀, mà?

ÌYÁ: Mo mọ ohun tí dókítà máa ń sọ. Dókítà kì í dákẹ́ tí ẹni tó ń gbálẹ̀ bá wọlé. Ó ní omi púpọ̀, kí wọ́n máa rìn, kí wọ́n lo oògùn ìrora wọn lásìkò. Tí ara bá gbóná, tàbí tí ìtọ̀ bá kọ̀ tí kò jáde mọ́, kí wọ́n sáré padà wá. Ife omi mélòó lẹ ti mu láti àárọ̀?

TÉLỌ̀: (Ó wo àjà.) Mo fi díẹ̀ gbé oògùn mì.

ÌYÁ: Lánàá ńkọ́?

TÉLỌ̀: Ìyá, ẹni tó bá mumi á dìde. Tó bá sì dìde, ẹ̀rọ á dúró. Yúnífọ́ọ̀mù ọgọ́ta ni mo ní láti rán kí iléèwé tó wọlé. Mo ti fi ọdún mẹ́rìnlá kọ́ ara mi láti máa jókòó láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ láì dìde lẹ́ẹ̀kan.

ÌYÁ: Ẹ kúuṣẹ́. Ẹ ti yege, ẹ tún ti gba ẹ̀bùn. (Ó bu omi kún ife ńlá.) Ẹ mu ún. Gbogbo rẹ̀. Ẹ má máa tọ́ ọ wò bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò.

(Télọ̀ mu ún. Ó mu òmíràn. Ó dì mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì, ó sì fi fa ara rẹ̀ dìde.)

TÉLỌ̀: Nǹkan kan tún wà, mà. Dókítà ní tí mo bá fẹ́ ṣe... kékeré, asẹ́ ni kí n máa fi ṣe é.

ÌYÁ: Àṣẹ? Ẹni tó ń tọ̀ tún ń pàṣẹ? Ta lẹ fẹ́ pàṣẹ fún níbẹ̀?

TÉLỌ̀: Asẹ́, mà! Ohun tí a fi ń sẹ́ nǹkan. Kí òkúta náà má bàa bá omi lọ. Wọ́n fẹ́ rí i, kí wọ́n lè mọ irú èyí tó jẹ́.

ÌYÁ: Ẹ ì bá ti sọ bẹ́ẹ̀. (Ó wọ ilé ìdáná, ó jáde pẹ̀lú asẹ́ tíì.) Òun rèé.

TÉLỌ̀: Ẹ dá a padà, mà! Ẹ jọ̀ọ́! Èmi àti ọmọ yín ṣì fẹ́ jọ gbé nínú ilé yìí. Mo ti rán tèmi.

(Ó fa nǹkan kan yọ lábẹ́ ẹ̀rọ: nẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n rán yí wáyà roboto kan ká, tó ní ọwọ́ ìdìmú.)

ÌYÁ: (Ó gbé e síwájú fèrèsé.) Ẹ tún ṣẹ́tí rẹ̀! Pẹ̀lú òwú aláwọ̀ búlúù!

TÉLỌ̀: Ìrora kò ní kí n ránṣọ jákujàku, mà. Lọ́jọ́ Ajé, mo tún gbọ́dọ̀ mú ìtọ̀ lọ fún wọn nínú ìgò.

ÌYÁ: Itọ́? Kí ni wọ́n fẹ́ fi itọ́ ṣe?

TÉLỌ̀: Ìtọ̀, mà. (Ó fọwọ́ bojú.) Kí n má purọ́, èmi náà gbọ́ itọ́ nígbà àkọ́kọ́. Ìrora ti dí mi létí. Nọ́ọ̀sì fún mi ní ìgò, mo lọ jókòó sí kọ̀rọ̀ kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tutọ́. Ẹnu mi sì ti gbẹ. Ogójì ìṣẹ́jú ni mo fi ń tu ú.

ÌYÁ: Kí ni nọ́ọ̀sì wá sọ?

TÉLỌ̀: Ó gbé e sókè, ó gbọ̀n ọ́n, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, kí ló dé tí tiyín ń hó?"

(Ìyá bú sẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Télọ̀ náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì tún padà sórí orúnkún.)

TÉLỌ̀: Ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín mọ́, mà.

ÌYÁ: Èmi kọ́, nọ́ọ̀sì ni. (Ó ti áyọ́ọ̀nù télọ̀ bọ iná.)

TÉLỌ̀: Ìyá, kí lẹ fẹ́ fi áyọ́ọ̀nù ṣe?

ÌYÁ: Mo fẹ́ lọ̀ yín.

TÉLỌ̀: Mà?

ÌYÁ: Ẹ dákẹ́ jẹ́ẹ́. (Ó ká aṣọ ìnura lẹ́ẹ̀mẹrin, ó lọ̀ ọ́ títí ó fi gbóná, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dán an wò, ó sì fi lé ẹ̀gbẹ́ télọ̀.) Báyìí ńkọ́?

TÉLỌ̀: (Ojú rẹ̀ rọ̀.) Há. Ìyá. Ẹ má gbé e kúrò.

ÌYÁ: Tí kò bá jáde títí di ọjọ́ Ajé, kí ni wọ́n ní wọ́n máa ṣe?

TÉLỌ̀: (Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.) Ẹ̀rù ibẹ̀ ló ń bà mí, mà. Wọ́n ní àwọn ní nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gùn. Wọ́n á fi gba ojú ọ̀nà wọlé lọ bá a.

ÌYÁ: Ojú ọ̀nà wo?

TÉLỌ̀: Ojú ọ̀nà kan ṣoṣo tó wà, mà.

(Ìyá gbé ìkòkò omi, ó bu ife méjì lẹ́ẹ̀kan náà.)

ÌYÁ: Ẹ mumi.

(Télọ̀ mu méjèèjì, ó dìde. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rìn yí tábìlì ká, Ìyá di apá rẹ̀ mú. Ní ìyípo kẹrin, télọ̀ dúró gbagidi. Òógùn bò ó lójú, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́.)

ÌYÁ: Ó ti dé, àbí?

TÉLỌ̀: Kò... kò tó nǹkan, mà. Mo wà dáadáa.

ÌYÁ: Ẹ má rẹ́rìn-ín fún mi. Mo mọ ẹ̀rín yẹn. Bàbá ìyàwó yín ló ni ín. Oṣù mẹ́ta ni inú fi run ọkùnrin yẹn, ó ń rẹ́rìn-ín fún mi láràárọ̀. Lọ́jọ́ kan mo ń gbálẹ̀ ní wọ́ọ̀dù, mo ti ìgbálẹ̀ bọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo rí bàtà kan níbẹ̀. Bàtà tí èmi fúnra mi kùn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo gbójú sókè. Òun ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó tún ń rẹ́rìn-ín.

TÉLỌ̀: Há.

ÌYÁ: Ó ní òun kò fẹ́ dà mí láàmú. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ó yè é. Iṣẹ́ abẹ yẹn kò dùn mí tó bàtà yẹn. Nítorí náà, tó bá ń dun ẹ̀yin, ẹ ké.

TÉLỌ̀: Kí n ké níwájú yín, mà?

ÌYÁ: Ké!

TÉLỌ̀: Yéééè! Ìyá mi o! Ó ń gé mi! Sísọ́ọ̀sì ni! Sísọ́ọ̀sì tí kò mú ni wọ́n fi ń gé mi!

ÌYÁ: Ó dáa bẹ́ẹ̀! Di èjìká mi mú! Mí sínú! Mí sóde! Gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún! Má dúró, gbé òsì!

TÉLỌ̀: (Ó ń ké, ó ń rìn.) Ìyá, "ìwọ" lẹ ń pè mí o.

ÌYÁ: Ìwọ nìkan ni mo rí níbí. Tó bá ti jáde tán, ẹ ó tún pọ̀. Rìn!

(Ìyípo kan, òmíràn. Lójijì télọ̀ já apá rẹ̀ gbà, ó mú asẹ́ rẹ̀, ó sáré wọ ilé ìwẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Ìyá tẹ̀ lé e, ó fi etí lé ilẹ̀kùn.)

ÌYÁ: Ṣé ó ti ń bọ̀?

TÉLỌ̀: (Láti inú.) Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ sí pálọ̀.

ÌYÁ: Mo ti lọ.

TÉLỌ̀: Ohùn yín sún mọ́ mi jù, mà.

ÌYÁ: Pálọ̀ yín ló kéré. Ó ti dé ibo?

TÉLỌ̀: N kò lè ṣe é tí ẹ bá ń gbọ́ mi.

ÌYÁ: Ṣé mo ti gbọ́ dáadáa rí? Ọdún mọ́kànlá lẹ ti fẹ́ ọmọ mi, n kò tíì gbọ́ gbólóhùn yín kan parí.

(Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ọwọ́ nínú abọ́ kan nítòsí, ó ń da omi náà ṣọ̀ọ̀, ó ń dà á ṣọ̀ọ̀.)

TÉLỌ̀: Ẹ ṣeun, mà. Ẹ má dáwọ́ omi yẹn dúró. Ó ń... Yéè! Yéè! Ye... (Ariwo náà gé. Ohun kékeré kan dún tíín lára wáyà.) Ìyá.

ÌYÁ: Mo wà níbí.

TÉLỌ̀: Ìyá, kò dùn mí mọ́.

(Ilẹ̀kùn ṣí. Télọ̀ jáde, omijé lójú rẹ̀, ó gbé asẹ́ náà síwájú bí ẹni gbé ẹyin. Ìyá wọ awò ojú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò, ó tún wò.)

ÌYÁ: Dà á?

TÉLỌ̀: Òun nìyí, mà. Lẹ́bàá ìṣẹ́tí.

ÌYÁ: Mo rò pé òwú ló já. (Ó yọ awò ojú, ó nù ún, ó wọ̀ ọ́ padà.) Èyí? Ọ̀dájú lásán! Ohun tí kò lè yó èèrà!

TÉLỌ̀: Ẹ wo ṣóńṣó rẹ̀ dáadáa, mà. Ẹ má bù ú kù.

ÌYÁ: N kò bù ú kù, ọkọ ọmọ mi. (Ó nu òógùn ojú rẹ̀ fún un, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó mú ọwọ́ kúrò.) Ẹ kú ewu. Ẹ ṣe bí akọni.

(Télọ̀ fi òkúta náà sínú ìgò kékeré, ó dé e, ó sì na gbọọrọ sórí àga bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún. Ìyá tẹ fóònù.)

ÌYÁ: (Ó ń pariwo.) Ọmọ mi! Ó ti jáde o! Bẹ́ẹ̀ ni! Tòkúta tọkọ rẹ, àlàáfíà ni wọ́n wà! ... Ó kéré, ṣùgbọ́n ó pé. ... Hẹ̀n? ... Ó dáa, kí n bi í. (Ó yíjú sí télọ̀.) Ìyàwó yín ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, kí la máa sọ ọ́?

TÉLỌ̀: (Kò lajú.) Ẹ jẹ́ kí dókítà wò ó tán, mà. Lẹ́yìn náà, kí ẹ bá mi sọ ọ́ nù.

ÌYÁ: (Sínú fóònù.) Ó ní Sọọ́nù.