Ilé Tí Baba Látóyè Kò Wò

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ? Ẹ má tíì dá mi lóhùn. Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ẹ ó ní ohun tí wọ́n ń wí ni pé kí òbí wo ipò tí ìdílé wà kí wọ́n tó mú orúkọ. Ó dára, n kò bá yín jà. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ ọ̀tọ̀, ìdí ọ̀tọ̀. Ìdí òwe yìí wà nílé wa, torí pé ará ilé wa ni ó dá ọ̀ràn náà sílẹ̀. Ayọ̀ká, tí ẹ ó gbọ́ orúkọ rẹ̀ láìpẹ́, ni ó bí ìyá tó bí ìyá ìyá mi. Bí wọ́n ṣe tò ó fún mi ni mo ṣe ń tò ó fún yín.

Ìlú náà ń jẹ́ Ìdí-Àfọ̀n. Tí ènìyàn bá dúró nídìí igi àfọ̀n láyé àtijọ́, tí ó kọjú sí odò, ilé àwọn alágbẹ̀dẹ ni yóò kọ́kọ́ kàn. Ilé àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ló tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn ìyẹn ni kànga, ilé àwọn ọdẹ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Ìró òòlù lórí irin ni ó ń jí àwọn ará ìlú láàárọ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, òórùn ẹran tí àwọn ọdẹ ń yan á gba gbogbo ìlú kan, ẹni tí kò ní ẹran á gbé àwo ẹ̀bà rẹ̀ jáde síta, á máa fi òórùn náà jẹ ẹ́.

Orúkọ ọmọ ni ó ń sọ ilé tí ó ti wá. Ọmọ alágbẹ̀dẹ á jẹ́ Ògúndèjì, ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà á jẹ́ Ọ̀nàwùmí, ọmọ ọdẹ á jẹ́ Ọdẹ́yẹmí. Bí ọmọ bá sọnù, o kàn ní láti béèrè orúkọ rẹ̀, o ti mọ ẹnu ọ̀nà tí o ó dá a padà sí.

Òfin méjì ni ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ọ̀rọ̀ yìí tó yé yín. Àkọ́kọ́, ẹni tó dàgbà jù ní ìlú ni ó ń sọ gbogbo ọmọ lórúkọ, ní ọjọ́ kẹjọ. Èkejì, bí ìdílé kan bá ṣí kúrò nínú ilé, tí wọ́n sì fi àlejò sí i, àlejò ni yóò máa jẹ́, ì báà lo ogún ọdún. Ọjọ́ tí ó bá bímọ síbẹ̀, tí àgbà ìlú sì fún ọmọ náà ní orúkọ ilé tirẹ̀, ọjọ́ yẹn ni ilé di tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá lọ jẹ́ orúkọ àwọn tó ṣí lọ, àwọn tó ṣí lọ ló ṣì ni ilé.

Baba Látóyè ni ó dàgbà jù nígbà náà. Orúnkún méjèèjì ti dùn ún títí tí wọ́n fi kọ iṣẹ́, ilé rẹ̀ sì wà lórí òkè lẹ́yìn ìlú. Ọdún mẹ́tàdínlógún gbáko ni kò kọjá ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Kò sì kà á sí nǹkan kan, torí pé ó mọ ìlú sórí. Á di ojú rẹ̀, á fi ìka ka ilé láti ìdí àfọ̀n dé odò, kò ní fo ọ̀kan.

Ìlú tí ó ń kà ni kò sí mọ́.

Òkúta irin tán nílẹ̀, àwọn alágbẹ̀dẹ tẹ̀ lé e lọ sí ibi tí ó kù sí. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà lọ ṣe òpó ààfin kan lókè ọ̀hún, wọ́n ní àwọn ń bọ̀, wọn ò bọ̀. Igbó ń sún sẹ́yìn lọ́dọọdún, ẹran ń bá igbó lọ, àwọn ọdẹ bá ẹran lọ, wọ́n tẹ̀dó sí Abà Ẹtu, ìrìn ọjọ́ kan àbọ̀. Bí ilé ṣe ń ṣófo ni àwọn mìíràn ń dé. Àwọn ahunṣọ dé láti ìlú tí ogun fọ́. Àwọn olóko ata dé. Kò sí ìró òòlù láàárọ̀ mọ́. Ìró òfì ni ó ń jí ènìyàn.

Kí ló dé tí Baba Látóyè kò mọ̀? Ayọ̀ká ọmọ rẹ̀ ni ẹ ó bi. Nínú ilé àwọn ọdẹ, ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Ọdẹ́jìnmí, ọ̀rẹ́ Baba láti kékeré. Ojoojúmọ́ ni wọ́n jọ ń ta ayò. Nígbà tí àwọn ọdẹ ń ṣí lọ, àìsàn ti dá Baba dùbúlẹ̀, Ọdẹ́jìnmí kò sì lè dágbére, ó ní ẹkún ni òun yóò sun níwájú àwọn ọmọ òun. Nígbà tí Baba gbádùn díẹ̀, ó béèrè ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ayọ̀ká wo ojú rẹ̀, àánú ṣe é.

“Ó lọ sígbó, Bàbá.”

“Ẹran wo ló ń lé?”

“Erin ni.”

Ohun tí a bá sọ fún aláìsàn lónìí, òun náà la ó sọ lọ́la. Lọ́dún kejì, erin di méjì. Lọ́dún karùn-ún, Baba ní tí Ọdẹ́jìnmí bá dé, ẹsẹ̀ kan péré ni òun fẹ́, kí ó pín ìyókù fún ìlú. Nígbà tí ó fi di ọdún kẹtàdínlógún, agbo erin ni ọkùnrin náà ń lé, Baba sì ti ń sọ pé kí ó rọra, kí ó má baà pa erin tán láyé.

Ti ìsọmọlórúkọ ńkọ́? Ayọ̀ká ti rí ọgbọ́n dá sí ìyẹn náà. Bí ahunṣọ tàbí olóko ata kan bá bímọ, á sọ fún Baba pé àlejò kan tó ń kọjá lọ ni ó bímọ sí ìlú. Baba á ní, “Abíọ́nà ni kí wọ́n máa pè é.” Orúkọ tó dára ni, ṣùgbọ́n kò gba ilé lọ́wọ́ ẹnì kan, kò sì fún ẹnì kan nílé. Ọmọ mọ́kànlá ni ó ń jẹ́ Abíọ́nà ní Ìdí-Àfọ̀n. Bí ìyá kan bá pe ọmọ rẹ̀ wá jẹun, mọ́kànlá ni yóò dé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn nígbà tí Àwẹ̀ró bímọ.

Amọ̀kòkò ni Àwẹ̀ró, láti òdìkejì odò. Ọdún mẹ́fà ni òun àti Àdìó ọkọ rẹ̀ ti ń gbé ilé àwọn ọdẹ. Wọ́n ti ṣí nílé lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí wọ́n tó dé ibẹ̀, Àwẹ̀ró sì ti búra pé òun kò tún ní gbé ìkòkò lérí lọ sí ìlú kankan mọ́. Nígbà tí Ayọ̀ká wá kí i ní ọjọ́ keje, tí ó ń rọra mú ọ̀rọ̀ Abíọ́nà bọ̀, obìnrin náà dá a dúró.

“Ẹ̀gbọ́n, wọn kò bí ọmọ tèmi lọ́nà. Inú ilé ni mo bí i sí. Ẹ lọ sọ fún Bàbá pé ilé ẹ̀gbẹ́ kànga ni.”

Ayọ̀ká lọ. Ohun tí Àwẹ̀ró ní kí ó sọ ni ó sọ, kò fi nǹkan kan lé e. Baba Látóyè di ojú, ó ka ilé: alágbẹ̀dẹ, gbẹ́nàgbẹ́nà, kànga. Ìka rẹ̀ dúró. Omi yọ lójú rẹ̀.

“Wọ́n bímọ nílé Ọdẹ́jìnmí? Á jẹ́ pé ó ti darí dé nìyẹn. Ọdẹ́wálé ni orúkọ ọmọ náà.”

Ta ni yóò tú erin ọdún mẹ́tàdínlógún palẹ̀ lójú kan? Ayọ̀ká sọ̀kalẹ̀ lọ jíṣẹ́. Àwẹ̀ró gbọ́, ó wo ọmọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, obìnrin sì ni ọmọ náà.

“Orúkọ àwọn tó ti lọ ni ẹ fi fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.”



Obìnrin kan tó ń ra ata ni ó gbé ìròyìn dé Abà Ẹtu: wọ́n bímọ nílé yín ní Ìdí-Àfọ̀n, Ọdẹ́wálé ló ń jẹ́. Àwọn ọdẹ péjọ. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí àwọn ìyàwó wọn bi wọ́n ni pé, ọdẹ wo ló bí i? Wọ́n ní kí ẹni tó bá lọ sí Ìdí-Àfọ̀n lọ́dún tó kọjá dìde. Ọkùnrin mẹ́ta ni ó ti ń ṣàlàyé kí wọ́n tó béèrè tán, pé ẹran gbígbẹ lásán ni àwọn lọ tà. Ilé mẹ́ta kò dáná lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ karùn-ún, gbogbo wọn dé: ọdẹ méjìlélógún, àwọn ìyàwó, ajá mẹ́sàn-án, àti ọrun kékeré kan tí wọ́n gbẹ́ fún ọmọ tuntun. Àdìó ń ti odò bọ̀ pẹ̀lú amọ̀ lórí nígbà tí ó rí wọn lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Wọ́n bi í pé ta ni bàbá ọmọ inú ilé yìí. Ó ní òun ni. Wọ́n bi í pé ọdẹ wo ni ó jẹ́. Àdìó rọra sọ amọ̀ kalẹ̀.

“Ẹ̀yin ará, èmi kì í ṣe ọdẹ o. Ewúrẹ́ gan-an, tí ó bá tẹjú mọ́ mi, mo máa ń yà fún un.”

Àwọn ìyàwó ọdẹ kí ara wọn kú oríire. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ ọdẹ ní kò sóhun tó kàn wọ́n nínú ìyẹn: òfin ni òfin, ọmọ ń jẹ́ Ọdẹ́, ilé di ti ọdẹ padà, kí amọ̀kòkò kó jáde láàárín ọjọ́ méje. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ajá kan ki orí bọ inú ìkòkò, tí kò lè yọ ọ́ mọ́, tí ó ń fi ìkòkò náà gbá àwọn ìkòkò tó kù fọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àwẹ̀ró kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó pọn ọmọ rẹ̀, ó kọrí sí òkè. Ni gbogbo wọn bá tẹ̀ lé e, ọdẹ, ìyàwó, àti ajá olórí ìkòkò.

Baba Látóyè jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ kọ́kọ́ rí láàárín èrò ni arúgbó kan tó fi ọ̀pá rìn, irun rẹ̀ funfun bí òwú. Ó wò ó, ó tún un wò.

“Ọdẹ́jìnmí. Erin dà?”

“Erin wo?” ni Ọdẹ́jìnmí wí.

Ayọ̀ká fi ìborùn bo ojú. Abẹ́ ìborùn yẹn ni ó ti jẹ́wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: erin, irin, òpó ààfin, Abíọ́nà mọ́kànlá. Baba gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí ó sọ̀rọ̀, Àwẹ̀ró ni ó bi, ó ní kí ni ó fẹ́ gan-an.

“Bàbá, ẹ mọ ilé yẹn ju mí lọ. Ṣùgbọ́n ìgbà wo lẹ wò ó kẹ́yìn?”

Baba ní kí wọ́n gbé òun.

Kò sí àga tí wọ́n lè fi gbé e. Igi tí wọ́n fi ń ru ẹfọ̀n ni àwọn ọdẹ mú, wọ́n so aṣọ mọ́ ọn, wọ́n tẹ́ Baba sínú rẹ̀. Báyìí ni àgbà ìlú ṣe wọ ìlú rẹ̀ bí ẹran tí wọ́n pa. Bí wọ́n ṣe ń gbé e lọ ni ó ń béèrè ilé ta nìyí, ilé ta nìyẹn. Wọ́n ní ti ahunṣọ ni. Wọ́n ní ti olóko ata. Nígbà mìíràn á di ojú, á fi ìka kà á bí ó ṣe mọ̀ ọ́n. Tí ó bá la ojú, iye ilé á pé, ènìyàn inú wọn ni á yàtọ̀. Àwọn ọmọdé ń sáré tẹ̀ lé igi náà. Ó bi ọ̀kan léèrè orúkọ rẹ̀, mọ́kànlá dáhùn pọ̀.

Wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ nílé ẹ̀gbẹ́ kànga. Ó wo òrùlé, kò sí ibi tó ń jò. Ọdẹ́jìnmí náà wò ó, ó ní nígbà tòun, òjò kì í bi ènìyàn kí ó tó wọlé. Baba wo èèkàn tí wọ́n máa ń fi ìbọn kọ́, okùn ìkòkò ni ó wà lára rẹ̀. Ó wo ògiri, ó rí i pé wọ́n ti fi amọ̀ pupa rẹ́ ẹ láti òkè délẹ̀, àfi ibì kan nítòsí ilẹ̀, tí kò fẹ̀ ju àwo lọ. Àmì àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé méjì ni ó wà níbẹ̀, ọ̀kan fẹ̀, ọ̀kan tẹ́ẹ́rẹ́.

Ọwọ́ àwọn arúgbó méjèèjì ni. Ọjọ́ tí wọ́n mọ ògiri yẹn, wọn kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ, wọ́n sì jẹ ẹgba lórí rẹ̀.

“Kí ló dé tí o kò fi amọ̀ bò ó?” ni Baba bi Àwẹ̀ró.

“Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti rẹ́ ògiri yìí, Bàbá. Tí mo bá dé ibẹ̀, mo máa ń yà fún un. N kò mọ ẹni tó ni ín, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ènìyàn ni.”

Ọdẹ́jìnmí yíjú sí àwọn ọ̀dọ́ ọdẹ, ó ní kí wọ́n kó ajá wọn kúrò nínú ilé onílé. Àwẹ̀ró bu amọ̀ tútù, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ méjì náà. Baba Látóyè fúnra rẹ̀ mú ọwọ́ ọmọ náà, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn.

“Ilésanmí,” ni ó wí. “Kò ti ọ̀dọ̀ ọdẹ wá, kò ti ọ̀nà wá. Ilé ni wọ́n bí i sí.”

Bí ilé ṣe di ti Àwẹ̀ró nìyẹn. Ọdẹ́jìnmí kò bá wọn padà sí Abà Ẹtu mọ́. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Baba ni ó kù sí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ayò níbi tí wọ́n fi í sí. Abíọ́nà mọ́kànlá náà gba orúkọ ilé tiwọn, torí pé Baba ní òun gbọ́dọ̀ wo gbogbo ilé ìlú. Láti ìgbà náà, kò jókòó sọ ọmọ kankan lórúkọ mọ́. Wọ́n á fi igi ẹfọ̀n gbé e wá, á wo òrùlé, á wo òpó, á fọwọ́ pa ògiri, á béèrè ta ló kọ́ ọ, ta ló gbé ibẹ̀ rí, ta ló ṣí lọ, ibo ni ó ṣí lọ. Ilé ahunṣọ kan wà tí ó wò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ọjọ́ kẹjọ kọjá, oṣù kẹjọ kọjá. Nígbà tí ó wá yíjú padà tí ó bi wọ́n pé ọmọ tuntun náà dà, ọmọ náà ti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ pọnmi.

Bí àwọn òbí bá ń kùn pé ó ti pẹ́ jù, ohun kan ṣoṣo ni Baba Látóyè máa ń dá wọn lóhùn láti orí igi rẹ̀, ohun náà sì ni àwọn àgbà ń sọ títí dòní: ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ.