Òwú Dúdú Lẹ́sẹ̀ Díákónì

Ọjọ́ tí ẹsẹ̀ Díákónì Adélékan rọ́ níbi iṣẹ́ ní Ballycoolin, nílẹ̀ àwọn Irish, ìyá ìyàwó rẹ̀, tó wá kí wọn láti Ìsẹ́yìn, gbé òrí jáde pé òun á fi wọ́ ọ. Díákónì ju òrí sí bíìnì, ó ní nǹkan òkùnkùn ni. Màmá ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́ báyìí, ó sì ń dun Ọláṣùmbọ̀, ìyàwó Díákónì, wọnú eegun. Ìrọ̀lẹ́ yìí ló bá ọkọ rẹ̀ bọ́ ìbọ̀sẹ̀, ló bá rí òwú dúdú oníkókó mẹ́sàn-án lọ́rùn ẹsẹ̀.

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Bàbá Tóbilọ́ba, ta ló so oǹdè mọ́ yín lẹ́sẹ̀?"

"Kì í ṣe oǹdè. Cure, òwú ìwòsàn, ni wọ́n ń pè é níbí. Nóẹ́lì níbi iṣẹ́ ló so ó. Ó jogún ẹ̀ lọ́wọ́ ìyá ẹ̀ ni."

"Màmá mi náà jogún tiwọn. Ẹ̀yin lẹ ní ẹ̀mí ìdílé ni."

"Ọ̀tọ̀ nìyẹn. Irish nìyí. It's traditional!"

"Ṣé ó pe ọfọ̀ sí i?"

"Àdúrà ni. Jẹ́jẹ́ ló gbà á, mi ò gbọ́ nǹkan kan."

"Ẹ ò gbọ́, ẹ wá ṣàmín?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì."

Ọláṣùmbọ̀ mú fóònù. "Ẹ jẹ́ n pè é, kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀."

Díákónì fò dìde lórí ẹsẹ̀ kan. "Má dán an wò! Èèwọ̀ ẹ̀ nìyẹn. Béèyàn bá ti dúpẹ́, ó bàjẹ́ nìyẹn. Bí mi ò bá sì wọṣẹ́ láàárọ̀ ọ̀la, wọ́n á gbé àyè mi fún ẹlòmíì."

"Ó tún léèwọ̀! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń darí ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì!"

Fóònù Díákónì dún. Nóẹ́lì ni, ó fẹ́ mọ bí ẹsẹ̀ ṣe ń ṣe.

"Noel! It's grand, I can even walk. Ah, thank you, sir! Thank you very much! God bless you and your—"

Ó fọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé, ta ló máa ṣe é lóore kó dákẹ́? Kò tíì gbé fóònù sílẹ̀ tó fi di ẹsẹ̀ mú.

"Yéè! Ó ti padà dé!" Ó wo òkè àjà, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ìyá Tóbi, ṣé òrí Màmá ṣì kù?"

"Ike kan wà lọ́wọ́ wọn lókè."

"Tiwọn ò léèwọ̀ ṣá?"

"Ẹyọ kan péré. Bí aláìsàn ò bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kì í jẹ́."