Ọjọ́ Tí Wọ́n Wá Mi Tì Lẹ́yìn Káńtà

Ọjọ́ kan wà tí mo ti gbìyànjú láti gbàgbé, ṣùgbọ́n tó kọ̀ láti kúrò lọ́kàn mi: ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ agbàlejò ní ilé iṣẹ́ kan nítòsí èbúté Kútọnu.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni ọmọ mi, Àdùkẹ́, bẹ̀rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ tuntun, tirẹ̀ ló sì bà mí lẹ́rù jù. Láti ìgbà tí mo ti bí i, iṣẹ́ tí n kò bá ti ní í gbọ́ igbe rẹ̀, n kì í gbà á. Òwú àti bọ́tìnì ni mò ń tà níwájú ilé wa ní àdúgbò Gbégamey. Ṣùgbọ́n nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, òwú àti bọ́tìnì kò lè bọ́ ẹni mẹ́ta mọ́. Ìwé mẹ́wàá tí mo kà ló gba iṣẹ́ náà fún mi, wọ́n sì ní àwọn á kọ́kọ́ dán mi wò ná.

Ní àárọ̀, mo kó ìkìlọ̀ lé Àdùkẹ́ lórí bí ẹni ń di ẹrù: má mu omi ẹlòmíràn, má sáré lórí sìmẹ́ńtì, má bá ẹni tí o kò mọ̀ rìn. Nígbà tó dé ẹnu géètì ilé ẹ̀kọ́, mo tún pè é padà.

“Àdùkẹ́, níbikíbi tí o bá wà, dúró síbi tí ojú tísà ti lè rí ọ.”

“Mo ti gbọ́, Màmá. Ẹ sọ ọ́ nínú ilé, ẹ sọ ọ́ lórí ọ̀kadà.”

“Tún un sọ fún mi.”

“Kí n dúró síbi tí ojú tísà ti lè rí mi.”

Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀, mo sì gba ibi iṣẹ́ lọ.

Ilé iṣẹ́ náà máa ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù wọn jáde ní èbúté. Ọ̀gá wa, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Màdáàmù, jẹ́ ọmọ Fọn. Mo jù ú lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ó ń rìn bí ẹni tí ọkọ̀ ojú omi fẹ́ fi sílẹ̀. Èdè Faransé ni a jọ ń sọ. Ó fi ibi iṣẹ́ mi hàn mí: káńtà onípátákó dídán kan, tó ga dé àyà mi bí mo bá dúró. Ẹ̀rọ amúlétutù kan wà lókè rẹ̀ tó ń ké bí ẹ̀rọ ìlọta.

“Iṣẹ́ yín kò le,” ó ní. “Ẹni tó bá gba ilẹ̀kùn yìí wọlé, ojú yín ni kó kọ́kọ́ rí. Agbàlejò tó wà níbí ṣáájú yín, ẹ̀yìnkùlé ló máa ń wà. Mo lé e.”

“Wọn á rí ojú mi, Màdáàmù.”

“Alájì kan ń bọ̀ lónìí láti Ìlọrin. Ẹrù ńlá ló fẹ́ gbé lé wa lọ́wọ́, àwọn mìíràn sì ń fà á lápá. Bó bá wọlé tí kò rí ènìyàn, á yí padà. Bó bá yí padà, ẹ̀yin náà á tẹ̀ lé e.”

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ohun kan níbí. Ní Kétu tí wọ́n ti tọ́ mi, obìnrin kì í nà ró kí àgbà. Ìyá mi àgbà kò fi ẹnu kọ́ wa. Orúnkún wa ló kàn máa ń wò. Láti ìgbà náà, orúnkún mi kì í dúró gba àṣẹ lọ́wọ́ mi. Bí irun funfun bá ti yọ lẹ́nu ọ̀nà, ó ti kanlẹ̀. Ẹni tó bá sì kúnlẹ̀ kì í dìde títí àgbà á fi dá a lóhùn. Gbogbo èyí dára púpọ̀ ní àgbàlá. N kò rò ó mọ́ káńtà.

Ẹni tó kọ́kọ́ wọlé jẹ́ bàbá arúgbó kan tó gbé àpò awọ. Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Ẹ káàárọ̀, Bàbá.” N kò gbọ́ ìdáhùn. Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀, mo gbọ́ ikọ́, lẹ́yìn náà mo gbọ́ ilẹ̀kùn. Nígbà tí mo yọjú, kò sí ẹnì kankan. Mo rò pé ó ń kánjú ni.

Èkejì jẹ́ màmá kan tó ń tajà ní ọjà Dantokpa. Òun kò lọ ní tirẹ̀. Ó jókòó, ó bọ́ bàtà, ó ń dá sọ̀rọ̀: “Ọ́fíìsì tó tóbi tó báyìí, wọn ò rí ènìyàn fi síbẹ̀.” Láti orí ìkúnlẹ̀ mi, mo tún kí i, sókè díẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

“Ta nìyẹn?”

“Èmi ni, Mà.”

“Ìwọ ta? Níbo lo wà?”

“Níbí ni, Mà.”

Nígbà tó ti dáhùn, mo dìde. Màmá kígbe “Jésù!” ó sì gbá bàtà rẹ̀ mú bí ẹni tó fẹ́ sọ ọ́ lù mí.

“Ṣé abẹ́ ibẹ̀ lò ń gbé ni?”

“Rárá o, Mà. Gbégamey ni mò ń gbé.”

Ẹlòmíràn á ti rí ọgbọ́n kọ́ níbẹ̀. Ohun tí èmi kọ́ ni pé kí n máa kí ènìyàn sókè sí i.

Nígbà tí màmá náà lọ tán, mo fi fóònù pe ilé ẹ̀kọ́ Àdùkẹ́. Akọ̀wé wọn ní àlàáfíà ni ọmọ wà. Mo tún pè é láti bi í bóyá ó dá a lójú.

“Ìyá Àdùkẹ́,” ó ní, “mo ń ṣe iṣẹ́ mi. Ẹ̀yin náà, ẹ máa ṣe tiyín.”

Mo gbà pé òótọ́ ló sọ.

Oòrùn ti mú nígbà tí fóònù dún. Màdáàmù ni, láti òkè. Ó ti rí ọkọ̀ Alájì lójú fèrèsé. “Ó ń bọ̀! Ojú yín o!” Ilẹ̀kùn ṣí. Bàbá gíga kan wọlé: agbádá funfun, irùngbọ̀n funfun, fìlà funfun. Ẹ mọ ohun tí orúnkún mi ṣe. Mo balẹ̀ tòun ti fóònù létí.

“Ṣé ó ti wọlé?” ni Màdáàmù bi mí.

“Wọ́n ti wọlé, Màdáàmù.”

“Ṣé ó ń rí ojú yín?”

Mo wo iwájú. Pátákó ni mo rí. “Mo ń kí wọn lọ́wọ́, Màdáàmù.”

Mo gbé fóònù sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sì kí Alájì bó ṣe yẹ: ẹ káàsán, ẹ kú ìrìn, ẹ kú ewu ọ̀nà, ẹ kú oòrùn. Alájì kò rí ẹnì kankan, nítorí náà kò dáhùn. Wọn kò dá mi lóhùn, nítorí náà n kò lè dìde. Ó dúró ní òdìkejì pátákó, mo kúnlẹ̀ níhìn-ín, ọ̀wọ̀ sì há àwa méjèèjì mọ́ ibẹ̀.

“Súbúhánálláhì,” mo gbọ́ tó ní, “ohùn lásán ló ń kí mi.”

Mo gbọ́ tí bàtà rẹ̀ yí sí ẹnu ọ̀nà. Mo rántí ohun tí Màdáàmù sọ. Mo rántí òwú àti bọ́tìnì. Mo wá ṣe ohun tí mo rò pé ó bójú mu jù. Ní ọ̀dọ̀ wa, omi la fi ń gba àlejò, onílé á sì kọ́kọ́ tọ́ ọ wò kí àlejò lè mọ̀ pé ibi kò sí nínú rẹ̀. Mo ṣí ìgò omi kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo mu díẹ̀, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e sókè ju káńtà lọ.

Ohun tí Alájì rí ni ọwọ́ méjì, àti omi tí ẹnì kan ti mu nínú rẹ̀.

Màdáàmù ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ nínú fóònù tí n kò pa. Ó sáré sọ̀kalẹ̀, ó sì bá Alájì tó fẹ̀yìn ti ògiri, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́.

“Agbàlejò mi dà?” ó kígbe.

“Mo wà níbí, Màdáàmù.”

“Ẹ dìde!”

“Wọn ò tíì dáhùn, Màdáàmù.”

Alájì rọra sún mọ́ káńtà, ó sì na ọrùn wo ìsàlẹ̀. Fìlà rẹ̀ já bọ́ lé mi lórí. A wo ara wa.

“Ọmọ ibo ni ọ́?” ó bi mí ní Yorùbá.

“Ọmọ Kétu ni mí, Bàbá. Ẹ kú ewu ọ̀nà.”

“A dúpẹ́,” ó ní. “Dìde, kí o fún mi ní fìlà mi.”

Orúnkún mi ti kú. Káńtà ni mo dì mú kí n tó lè nà ró. Alájì gba fìlà, ó gba omi, ó wo ìgò náà dáadáa, ó sì mu ún. Lẹ́yìn náà ló jókòó, tó rẹ́rìn-ín títí agbádá rẹ̀ fi ń mì.

Ó gbé ẹrù rẹ̀ fún wa. Màdáàmù fi yé mi pé iye tí òun dá lé e ló tẹ́ ẹ lọ́rùn, kì í ṣe orúnkún mi. N kò bá a jiyàn. Ó ní kí n máa wá, ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ́ kúnlẹ̀, kí n kọ́kọ́ jáde síwájú káńtà. Bẹ́ẹ̀ ni mò ń ṣe títí dòní. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé bí ẹni tí a ń bọ̀wọ̀ fún kò bá rí ọ̀wọ̀ náà, a kàn fara pamọ́ fún un ni.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo lọ mú Àdùkẹ́. Ó wo eruku tó wà lórúnkún mi.

“Màmá, ṣé ẹ ṣubú ni?”

“Rárá. Báwo ni ilé ẹ̀kọ́?”

“Mo dúró síbi tí ojú tísà ti ń rí mi. Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ọ̀gá yín rí yín?”

Mo gba àpò ìwé rẹ̀, mo gbé e kọ́ èjìká.

“Nígbẹ̀yìn-gbẹ́yín,” mo ní. A fẹ́rẹ̀ẹ́ délé kí ẹ̀rín tó jẹ́ kí n lè sọ ìyókù.