Àjàlá Kì Í Kọ Ìpè

Ilé oúnjẹ Mùnírátù wà ní Kaneshie ní Accra, lẹ́yìn ibùdókọ̀ trotro. Tábìlì mẹ́fà péré ni, ṣùgbọ́n Gàá ń jẹun níbẹ̀, Faǹtí ń jẹun níbẹ̀, Hausa ń jẹun níbẹ̀, àwa Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Àláta náà kò gbẹ́yìn. Ní Ọjọ́bọ̀ tí mò ń wí yìí, ọkàn Mùnírátù ò balẹ̀ rárá. Màdáàmù Afua, tó ń ṣètò oúnjẹ ọ̀sán fún ogójì òṣìṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan lójú títì, ń bọ̀ láago kan láti wá tọ́ oúnjẹ rẹ̀ wò. Bó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, Mùnírátù á máa se fún ogójì èèyàn lójoojúmọ́. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á padà sídìí tábìlì mẹ́fà.

Ìdíwọ́ kan ṣoṣo ló wà, ìdíwọ́ náà sì jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń gbatẹ́gùn. Àjàlá ni, àbúrò ọkọ rẹ̀, tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Àjàlá ti pé ọmọ ọdún méjìdínlógún nígbà tí wọ́n gbé Mùnírátù wọlé, nítorí náà ọkọ ló jẹ́ fún un. Mùnírátù kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ bá a wí. Akọ̀wé ló ń pè é, bẹ́ẹ̀ Àjàlá ò kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni rí.

"Akọ̀wé mi," Mùnírátù rọra kúnlẹ̀, "ẹ ò ṣe lọ kí bàbá Habiba ní ṣọ́ọ̀bù wọn ní Tudu? Ẹ lè pẹ́ níbẹ̀ dáadáa."

"Ọkọ rẹ ni mo ti kí láàárọ̀. Òun ló ní kí n máa bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ."

"Ẹ lè lọ wo Alajo nígbà náà, ibi tí wọ́n bí mi sí."

"Mo ti wò ó. Obìnrin kan ń jẹ kenkey lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí n wá jẹun. A jẹun."

Mùnírátù mí kanlẹ̀.

"Akọ̀wé mi, ọ̀rọ̀ oúnjẹ yẹn gan-an ni. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí."

"Òótọ́ ni."

Mùnírátù dúró. Àjàlá náà dúró.

"Ìyókù ọ̀rọ̀ náà ńkọ́?" ni Àjàlá bi í.

Ó wá di dandan kó sọ ìyókù. Ó rán an létí pé lọ́jọ́ Ajé, ó jókòó ti awakọ̀ kan, ó bá a jẹ báńkù. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, pásítọ̀ ni. Àná, ọkọ àti ìyàwó kan tí wọ́n ti ń jà látilé wá parí ìjà wọn nídìí àwo ẹja, Àjàlá bọ́ sáàárín wọn, ó sì jẹ orí ẹja náà.

"Wọ́n pè mí ni."

"Gbogbo ará Ghana ló ń pe èèyàn, Akọ̀wé mi. Bí ẹ bá kọjá níbi tí wọ́n ti ń jẹun, wọ́n á ní 'You are invited.' Ìkíni lásán ni. Ẹ dúpẹ́, kí ẹ kọjá."

"Ìyàwó, ṣé o rò pé mi ò mọ ìkíni ni? Àwa náà ń ṣe é nílé. Wọ́n á ní 'Ẹ wá jẹun,' àwa á ní 'Á gba ibi ire.' Yorùbá nìyẹn."

"Ẹ ṣeun. Ọ̀kan náà ni."

"Kì í ṣe ọ̀kan náà. Òyìnbó làwọn wọ̀nyí fi ń pè mí. Nílé wa, bí wọ́n bá fi Òyìnbó pe èèyàn, inú káàdì ló ń wà. Ìgbéyàwó ni, ìṣílé ni. Bí o ò bá lọ, ìjà dé. Ẹ̀gbọ́n wa kan gba káàdì lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, kò lọ. Títí dòní, òun àti ẹni tó pè é ò kí ara wọn."

"Káàdì ò sí lọ́wọ́ tàwọn wọ̀nyí."

"Ìyẹn ló jẹ́ kó tún wúwo sí i. Ẹni tó fi káàdì pè ọ́, ó lè jẹ́ ọmọ rẹ̀ ló kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbójú sókè, tó wò ọ́, tó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, á jẹ́ pé ó fẹ́ rí ọ."

"Awakọ̀ yẹn ò tíì padà wá láti ọjọ́ náà."

"Ó lè ti lọ sírìn àjò."

"Pásítọ̀ ti ń kọjú sí ògiri jẹun."

"Àdúrà ló ń gbà."

Nígbà náà ni Mùnírátù wá tú gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún un. Ó sọ ti Màdáàmù Afua àti ti ogójì èèyàn, ó ní obìnrin náà kò tíì di oníbàárà àwọn, pé òní gan-an ló máa pinnu. Ó bẹ̀ ẹ́ kó má bá oníbàárà kankan jẹun lónìí.

"Kankan?" ni Àjàlá wí.

"Kankan, ẹ jọ̀ọ́."

"Mo ti gbọ́. Oníbàárà kankan ò ní rí ọwọ́ mi nínú àwo rẹ̀."

Ara tu Mùnírátù. Ó gbé àwo márùn-ún sórí tábìlì tó wà lábẹ́ fáànù, ó sì dé wọn: fùfú nínú ọbẹ̀ ẹyìn, báńkù pẹ̀lú tilápíà yíyan, wààkyé, ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, àti ẹ̀gúsí tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ. Ó ní bí màdáàmù bá tètè dé, kí Akọ̀wé òun fún un ní àga àti omi, kó sì pe òun. Ó wá lọ sẹ́yìnkùlé láti kírun kó sì pààrọ̀ aṣọ.

Nígbà tó jáde, ó ti wé gèlè tuntun. Ó rí ọmọrí márùn-ún tí wọ́n tò léra wọn dáadáa. Ó rí àwo márùn-ún tó mọ́ bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Ó rí Àjàlá tó ń ṣanwọ́.

"Akọ̀wé mi, ta ló jẹ oúnjẹ yìí?"

"Àwa ni."

"Àwa mélòó?"

"Èmi àti màdáàmù. Ó tètè dé. Mo fún un ní àga, mo fún un ní omi, gẹ́gẹ́ bó o ṣe wí."

"Ẹ ò pè mí."

"Orí ìrun lo wà. Ta ló ń pe ẹni tó ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀?"

"Ẹ ṣèlérí pé ẹ ò ní bá oníbàárà kankan jẹun."

"Ìwọ lo sọ pé kò tíì di oníbàárà."

Mùnírátù fa àga kan, ó jókòó. Ó ní kó ṣàlàyé fún òun.

"Ó ṣí àwo àkọ́kọ́, ó gbójú sókè, ó pè mí. Mo rántí ọ̀rọ̀ rẹ. Mo dúpẹ́, mo kọjá. Ṣùgbọ́n ògiri ló wà níbi tí mo kọjá sí. Mo yí padà, ojú wa tún ṣe mẹ́rin, ó tún pè mí. Ẹ̀ẹ̀mejì, Ìyàwó."

"Kí ni òun fúnra rẹ̀ wá jẹ?"

"Ṣíbí kan níbí, ṣíbí kan lọ́hùn-ún. Ọ̀jẹun kékeré ni. Ọpẹ́lọpẹ́ èmi, oúnjẹ rẹ ì bá ṣòfò."

"Ṣé ó sọ̀rọ̀?"

"Èmi ni mo sọ̀rọ̀. Mo ní ẹ̀gúsí náà dára, ṣùgbọ́n iyọ̀ rẹ̀ ò tó. Mo ní mi ò mọ ẹni tó ju fùfú sódò, pé nílé wa ọ̀tọ̀ lòkèlè, ọ̀tọ̀ lọbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá yọ ọ́ kò ní kábàámọ̀."

"Ẹ sọ fún un pé iyọ̀ ò tó."

"Ṣé kí n purọ́ nídìí oúnjẹ tí wọ́n pè mí sí ni?"

"Kí ló wá ṣe?"

"Ó kọ nǹkan sínú ìwé kékeré kan, ó kí mi, ó lọ."

"Kí ló kọ?"

"Mi ò rí i. Mò ń yọ eegun ẹja."

Mùnírátù bọ́ gèlè rẹ̀ sórí itan. Omi ti ń bọ̀ lójú rẹ̀.

"Ọdún méjì ni mo fi wá irú iṣẹ́ yìí, Akọ̀wé mi. Inú mi bàjẹ́ páà. Ẹ má bínú pé mo sọ ọ́."

Àjàlá dìde. Ó wo àwo márùn-ún náà, ó wo ìyàwó wọn, ojú sì tì í.

"Jẹ́ kí n lọ bá a ní ọ́fíìsì, kí n bẹ̀ ẹ́."

"Ẹ jókòó. Bó bá ń jẹun lọ́wọ́ ńkọ́?"

Fóònù dún. Mùnírátù sáré gbé e jáde, ó ń sọ Twi. Gbogbo ohun tí Àjàlá gbọ́ nínú ilé kò ju "Yoo, Madam, medaase" lọ, ìdúpẹ́ ni, ó sì tó ẹ̀ẹ̀mẹjọ. Nígbà tí Mùnírátù wọlé, ẹnu rẹ̀ ò pa dé.

"Wọ́n ti fún wa. Láti ọjọ́ Ajé."

"Mo mọ̀ pé oúnjẹ náà dùn."

"Ó ní ilé oúnjẹ mẹ́rin lòun ti dé kóun tó dé ibí. Ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, olóúnjẹ dúró lé òun lórí, ó ń búra pé kò sí irú rẹ̀ ní Accra, ṣùgbọ́n kò sí ará ilé kan tó fẹnu kàn án. Ó ní níbí nìkan ni máníjà ti jókòó, tó jẹ ẹ́ tán lójú òun, tó tún fẹnu ara rẹ̀ sọ pé iyọ̀ ò tó."

"Ta ni máníjà?"

"Ẹ̀yin ni."

Àjàlá tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe. Mùnírátù kúnlẹ̀ fún un lótìítọ́ lọ́tẹ̀ yìí, orúnkún méjèèjì, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú. Ó wá rántí ìyókù ohun tí obìnrin náà sọ, ẹ̀rín náà sì dáwọ́ dúró.

"Ó ku ohun kan. Ó ní máníjà fúnra rẹ̀ ni kó máa gbé oúnjẹ náà wá, kó máa gbé e fún kálukú lórí tábìlì rẹ̀."

"Ogójì èèyàn?"

"Ogójì."

"Ṣé gbogbo wọn ló gbọ́ Òyìnbó?"

Mùnírátù káwọ́ lérí. Àjàlá rọra dẹ bẹ́líìtì rẹ̀ ní ihò kan.

"Ìyàwó, láti ọjọ́ Ajé, má wulẹ̀ dáná alẹ́ dè mí mọ́."