Bàbá Kuramochi àti Sílípáàsì Ṣáláńgá

Bàbá Kuramochi ti da ife tíì mẹ́fà sọ́fun kí aago mẹ́wàá àárọ̀ tó lù.

Kí ló dé? Àyà rẹ̀ ló ń já!

Ọdún mọ́kànlá gbáko ni bàbá yìí ti fi ń mú àwọn àlejò rìn káàkiri Kanazawa, àsíá kékeré lọ́wọ́, ríbọ́ọ̀nù búlúù lápá. Ríbọ́ọ̀nù pupa, ti ọ̀gá àwọn amọ̀nà, ló ń wá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹgbẹ́ amọ̀nà ti fi dù ú. Òfin wọn sì sọ pé ẹni tó bá pàdánù lẹ́ẹ̀kẹta, kó lọ jókòó sílé, kó máa bomi rin òdòdó. Ìyàwó rẹ̀, Chizuko, kò tiẹ̀ ràn án lọ́wọ́. Ó ti ròyìn fún gbogbo àdúgbò pé ọkọ òun ti di ọ̀gá. Ó ti rẹ ẹ̀wà pupa sómi láti àná, èyí tí yóò fi se ìrẹsì ayẹyẹ.

"Bàbá," ni Chizuko wí lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ ọjọ́ náà, "tí ẹ bá fi búlúù wálé lónìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ẹ̀yìnkùlé wọlé o. Kí Ìyá Noguchi aládùúgbò wa má rí yín."

Ẹ wo ìyàwó!

Ohun tó wá ń mú bàbá mu tíì bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ ni pé ẹgbẹ́ ti fi amí kan pamọ́ sáàárín àwọn àlejò mẹ́jọ tó máa mú rìn. Amí yẹn ló máa kọ̀wé nípa rẹ̀. Ta ni nínú wọn? Kò mọ̀. Ó wo ojú wọn lọ, ó wò ó bọ̀. Tíṣà Uemura, arúgbó kan tó ti fẹ̀yìn tì, mú ìwé kékeré àti pẹ́ńsù dání. Ó tán! Ta ló ń mú pẹ́ńsù rìn nínú òjò bí kì í bá ṣe amí? Ìyá kan wà níbẹ̀, Màmá Nishiwaki, tó wá láti Osaka pẹ̀lú Rieko ìyàwó ọmọ rẹ̀. Màmá wọ ẹ̀wù tí wọ́n ya orí àmọ̀tẹ́kùn sí láyà. Amí kì í wọ irú ẹ̀wù yẹn. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tún wà lẹ́yìn pátápátá, tó wọ kóòtù aláwọ̀ eérú, Ọ̀gbẹ́ni Tsukuda, tí kò tíì wúkọ́ láti àárọ̀. Bàbá ò wo ti ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Tsukuda mà ni amí ọ̀hún!

Ẹ má sọ fún un o.

Bí wọ́n ṣe dé ilé jagunjagun àtijọ́ ti ìdílé Asahina, Bàbá Kuramochi dúró lórí pákó ẹnu ọ̀nà, ó kọjú sí Tíṣà Uemura, ó gbé àyà síta.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fetí sílẹ̀! Bàtà ìta, ìta ló mọ. Sílípáàsì ilé, orí pákó ló mọ. Tí a bá dé orí ẹní, ìbọ̀sẹ̀ nìkan. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ńkọ́? Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní sílípáàsì tiẹ̀ nínú. Méjì péré ni, ti ọ̀tún àti ti òsì. Ẹ bọ́ ti ilé sẹ́nu ọ̀nà, ẹ wọ tibẹ̀. Tí ẹ bá ṣe tán, ẹ bọ́ tibẹ̀ síbẹ̀! Ẹni tó bá wọ sílípáàsì ṣáláńgá jáde sáàárín ilé ọmọlúàbí, kí la máa pè é?"

Wọ́n wo sílípáàsì ẹsẹ̀ wọn.

"Ẹranko!" Bàbá dá ara rẹ̀ lóhùn.

Kò tíì pa ẹnu dé tán tí ife tíì mẹ́fà fi rán an létí pé àwọn ò tíì kúrò nílé. Òtútù oṣù Kejìlá tún wá ràn wọ́n lọ́wọ́ sí i.

"Ẹ... ẹ máa wo ọgbà lọ ná. Mò ń bọ̀."

Fìrì! Ó ti wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Kò yé ka ìtàn ìdílé Asahina sínú bó ṣe wà níbẹ̀, kó má baà gbàgbé ọdún kankan níwájú amí. Ó ṣe tán, ó fọwọ́, ó ń ka ìtàn náà lọ, ó jáde.

Pàkà! Pàkà! Pàkà!

Yéè! Mo kú!

Sílípáàsì ṣáláńgá ló wà lẹ́sẹ̀ bàbá! Rọ́bà ni, àwọ̀ ewé, ó gbòòrò bí ọkọ̀ ojú omi, wọ́n sì kọ ILÉ ÌGBỌ̀NSẸ̀ gàdàgbà gàdàgbà sórí ọ̀tún àti òsì. Sílípáàsì ilé tirẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà ṣáláńgá, ó ń retí olówó rẹ̀.

Gbogbo àwọn àlejò rí i. Ojú mẹ́rìndínlógún wo ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Bàbá rò pé wọ́n ń tẹríba fún òun. Òun náà tẹríba.

Ẹ̀rín ń pa mí!

Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún un? Há à, Kanazawa nìyí o. A kì í sọ ojú abẹ níkòó níbí. Bí ilé bá ń jó, ohun tí a máa sọ fún onílé ni pé ooru mú díẹ̀ lónìí. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dé inú rẹ̀, á di odindi. Ṣùgbọ́n ríbọ́ọ̀nù pupa ti kún inú Bàbá Kuramochi lọ́jọ́ náà, kò sáyè fún àbọ̀ ọ̀rọ̀.

Tíṣà Uemura ló kọ́kọ́ gbìyànjú.

"Ọ̀gá amọ̀nà," ó wúkọ́ díẹ̀, "pákó yìí mà tutù lẹ́sẹ̀ o."

"Bẹ́ẹ̀ ni sà! Pákó igba ọdún ni!"

Tíṣà kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀. Ó fẹ́ kọ "Ẹ wo ẹsẹ̀ yín" kó sì fi hàn án. Ó rò ó pé ó ti le jù, ó pa á rẹ́. Ó kọ "Ẹ wo ilẹ̀." Ó tún pa á rẹ́. Bàbá Kuramochi rí i tó ń kọ̀wé, inú rẹ̀ dùn dé ìdí. Ó ń yìn mí nìyẹn, ó ń yìn mí!

Tíṣà tún gbìyànjú. "Sà, ẹ forí jì mí. Àwọn sílípáàsì ilé yìí... oríṣiríṣi ni wọ́n, àbí?"

"Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n!" Bàbá fẹ́rẹ̀ẹ́ fò sókè. Ó tún ìwàásù náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bàtà ìta. Sílípáàsì ilé. Ìbọ̀sẹ̀ lórí ẹní. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wọn, ILÉ ÌGBỌ̀NSẸ̀ ń wò wọ́n lójú kòró. "Ẹni tó bá wọ ti ṣáláńgá jáde ńkọ́? Ẹ bá mi pè é!"

"Ẹ... ran... ko," àwọn èèyàn mẹ́jọ dáhùn, wọn ò gbójú sókè.

"Ẹ pè é kó dún!"

"Ẹranko!"

Ìyá Osaka ò lè gbà á mọ́. Ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Rieko, fi mí sílẹ̀ kí n sọ fún bàbá yìí."

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, Osaka kọ́ nìyí!"

"Ṣé níbí, ọ̀rọ̀ kì í ti ẹnu jáde ni? Ìdí ni wọ́n fi ń sọ ọ́?"

"Mọ́mì!"

Rieko ki ọwọ́ bọ báàgì ìyá ọkọ rẹ̀, ibi tí súìtì máa ń pọ̀ sí ju owó lọ, ó mú ọ̀kan, ó tì í sí i lẹ́nu. Ẹnu ìyá pa dé. Kò tó ìṣẹ́jú méjì, kárá-kárá, ó ti rún un. Rieko tún ti òmíràn sí i.

Ibi tí ọ̀ràn ti wá bà jẹ́ pátápátá nìyí.

Ìtọ̀ ń gbọ̀n Ọ̀gbẹ́ni Tsukuda.

Òun náà mu tíì láàárọ̀, òun náà gba òjò. Ó yọ́ kúrò lẹ́yìn àwọn yòókù, ó ṣí ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ó wo ilẹ̀. Kò sí sílípáàsì! Ṣé kó wọlé pẹ̀lú sílípáàsì ilé? Ẹranko nìyẹn. Ṣé kó fi ìbọ̀sẹ̀ wọlé? Ìyẹn ò tiẹ̀ lórúkọ. Ẹ má sì gbàgbé pé Tsukuda fúnra rẹ̀ ló kọ ìwé òfin ìwà ọmọlúàbí ẹgbẹ́ amọ̀nà, ogójì ojú ewé. Ojú ewé kẹtàdínlógún, sílípáàsì nìkan ló sọ níbẹ̀.

Ó ti ilẹ̀kùn jẹ́ẹ́. Ó padà wá dúró síwájú Bàbá Kuramochi. Ó fẹsẹ̀ kọ́ra. Ó ń wo sílípáàsì àwọ̀ ewé yẹn bí ọmọ ṣe ń wo àkàrà nínú epo.

Bàbá Kuramochi sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbádùn ara rẹ̀ ni! Ó ti dé ìdí ìtàn Asahina àgbà, ẹni tó dúró nínú yìnyín lọ́jọ́ mẹ́ta, tó ń retí olúwa rẹ̀, tí kò mira, tí kò kúrò lójú kan.

"Ọjọ́ mẹ́ta o! Ohunkóhun tí ì báà máa gbọ̀n ọ́n, ó mú un mọ́ra!"

Tsukuda kérora.

"Ẹ wo odò kékeré inú ọgbà yìí. Odò yìí náà ló ń gbọ́ nígbà yẹn. Ogójì ọdún ni mo fi ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ omi, mo mọ ohùn omi. Ẹ dijú! Ẹ jẹ́ ká jọ gbọ́ ọ! Tó... tó... tó... ṣọ̀ọ̀ọ̀ọ̀ọ̀!"

Omi bọ́ lójú Tsukuda, pòròpòrò.

"Ẹ wò ó!" Ọkàn Bàbá Kuramochi kún fún ayọ̀. "Ìtàn ti wọ arákùnrin yìí lára! Ọ̀gbẹ́ni, nítorí tiyín, màá tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀."

"Ẹ... ẹ má ṣe wàhálà, sà," ni Tsukuda wí láàárín eyín.

"Kì í ṣe wàhálà rárá!"

Súìtì tán nínú báàgì. Rieko wá a títí, kò rí. Màmá Nishiwaki nu ẹnu rẹ̀, ó fi ìka tọ́ka sí ilẹ̀, ó sì pa ariwo kan tó mú ẹyẹ fò nínú ọgbà.

"Bàbá! Ẹsẹ̀ yín!"

"Ẹ ṣé o, màmá. Ẹsẹ̀ ò dùn mí rárá. Mo lè rìn títí dọ̀la."

Gbì!

Tsukuda ti dorí kodò. Eékún rẹ̀ kan pákó, iwájú orí rẹ̀ kan pákó. "Ẹ jọ̀ọ́ sà! Ẹ ṣàánú mi!"

"Rárá o, ẹ dìde! Mi ò tó bẹ́ẹ̀! Ìtàn ni mo kàn ń sọ..."

Tsukuda gbá ọrùn ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ mú. Fáú! Sílípáàsì kan ti bọ́. Ó gbá ti òsì mú. Fáú! Ìdí Bàbá Kuramochi balẹ̀, gbàà! Tsukuda gbá sílípáàsì méjèèjì mọ́ àyà, ó sáré, ó yà ní kọ̀rọ̀, ilẹ̀kùn dún gbàgà.

Àwọn àlejò na etí.

Lẹ́yìn náà, láti inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀: ṣọ̀ọ̀ọ̀ọ̀ọ̀ọ̀ọ̀ọ̀ọ̀ọ̀.

Kò tán bọ̀rọ̀. Àwọn àlejò méje kọjú sí ọgbà lẹ́ẹ̀kan náà.

"Odò yìí mà lágbára o," ni Tíṣà Uemura wí.

"Ó lágbára gan-an ni," àwọn yòókù dáhùn.

Bàbá Kuramochi jókòó sílẹ̀ nínú ìbọ̀sẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wo ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ó rántí orúkọ tí òun ní kí wọ́n pe ẹni tó bá ṣe irú ẹ̀, pé òun tún ní kí wọ́n pè é kó dún. Ojú tì í débi pé bí ilẹ̀ bá lanu, á bọ́ sínú rẹ̀. Ẹ̀wà pupa Chizuko ti ṣòfò.

Tsukuda padà dé. Sílípáàsì ilé ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ti so bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀ dé ọrùn, ó fi ọwọ́ méjèèjì na káàdì sí Bàbá Kuramochi.

"Tsukuda lorúkọ mi, sà. Ẹgbẹ́ amọ̀nà, ẹ̀ka ayẹ̀wò."

Bàbá Kuramochi fẹ́ dákú. Ó wo Tíṣà. Tíṣà ń pa nǹkan rẹ́ nínú ìwé.

Ọkùnrin méjèèjì wojú ara wọn. Bí Tsukuda bá kọ̀wé pé amọ̀nà wọ sílípáàsì ṣáláńgá káàkiri ilé, ẹgbẹ́ á bi í pé kí lòun wá ṣe. Ṣé kó kọ ọ́ pé òun, ẹni tó kọ ìwé ìwà ọmọlúàbí, gbé àgbàlagbà ṣubú, òun sì já bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ sá lọ?

"Òtútù mú lónìí," ni Tsukuda wí.

"Ó mú gan-an, sà," ni Bàbá Kuramochi dáhùn.

Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, lẹ́tà dé. Chizuko ló já a, ó kà á sókè kí Ìyá Noguchi lè gbọ́ láti ọgbà tirẹ̀. "Amọ̀nà yìí ní ọ̀nà àrà tó fi ń kọ́ àlejò ní òfin sílípáàsì. Ó fi ara rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ ohun tí kò dára, láìbìkítà fún ojútì. Ẹ̀kọ́ náà wọ̀ mí lára. Títí ayé, mi ò ní gbàgbé e."

Ríbọ́ọ̀nù pupa wà nínú àpòòwé náà! Chizuko ké, ó sáré lọ gbé ìkòkò kaná. Bàbá Kuramochi ń wo ríbọ́ọ̀nù, ó ń yọ̀, ó tún ń làágùn.

Ìwé kejì ṣì wà nínú àpòòwé.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, amọ̀nà mẹ́tàlélógún tò síwájú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nílé Asahina, pẹ́ńsù lọ́wọ́, ìwé lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ ti pa á láṣẹ pé kí ọ̀gá tuntun kọ́ gbogbo wọn ní ọ̀nà àrà náà, ní gbogbo ọjọ́ Ajé, kí ìlú Kanazawa lè ní ìlànà kan ṣoṣo.

Ilẹ̀kùn ṣí. Bàbá Kuramochi jáde, pupa lápá, ewé lẹ́sẹ̀.

Pàkà! Pàkà! Pàkà!

Obìnrin kan lẹ́yìn na ọwọ́ sókè. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹsẹ̀ wo la kọ́kọ́ ń gbé jáde? Ọ̀tún ni, àbí òsì?"

Bàbá Kuramochi wo òkè àjà títí.

"Ọ̀tún," ó ní.

Gbogbo wọn sì kọ ọ́ sílẹ̀.