Bí Mo Ṣe Ná Ẹ̀rù Mi Bí Ọjà

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí wọn ó fi gbé mi sin: ọjọ́ tí bàtà mi wọ gólù, tí bọ́ọ̀lù sì dúró síta.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìdí. Páàtì ọ̀kadà ni mò ń tà ní ìlú Bouaké níbí, ní Ivory Coast. Ní ọjọ́ Àìkú, àwa oníṣòwò tí ikùn ti ń yọ díẹ̀ máa ń gbá maracana ládùúgbò N'Gattakro. Bọ́ọ̀lù àwọn àgbààgbà ni. Pápá rẹ̀ kò tóbi, gólù rẹ̀ kéré bí ẹnu ọ̀nà ilé adìyẹ, ẹnikẹ́ni kì í sì í ṣọ́ ọ. Bí wọ́n bá fún ẹ ní pẹnátì, ìwọ àti ihò lásán ni. Ihò lásán yìí ni mo wá ń gbá bọ́ọ̀lù kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo gbá a sọ́tùn-ún, mo gbá a sósì, ọ̀kan tilẹ̀ lọ bá àwọn obìnrin tó ń dín ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà.

Alájì tó ń ta aṣọ ni kápítẹ́ènì wa. Ó sọ fún mi jẹ́jẹ́ pé bí mo bá tún sọ ọ̀kan nù, káfíńtà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́ ni yóò máa gbá a, èmi ó sì máa ṣọ́ báàgì. Èmi tí mo ti fi gbogbo ọjà ṣe yẹ̀yẹ́! Mo mọ iye àwọn tó ń dúró de ọjọ́ tí n ó ṣọ́ báàgì. Alájì ní òun mọ ọmọbìnrin ẹ̀yà Baúlé kan, Akísí, tí iṣẹ́ rẹ̀ ń jẹ́ sikolọ́ọ̀gù: ọkàn àwọn eléré ìdárayá ló ń bá ṣiṣẹ́. Ó ní kí n lọ bá a.

Mo lọ. Mo rò pé yóò fún mi ní nǹkan mu, tàbí kó gbé nǹkan lé mi láyà. Kò sí. Àga méjì, fèrèsé kan, ife omi, àti ọmọbìnrin tí mo tó bí. Ó ní ohun tí a bá sọ níbẹ̀ kò ní jáde, Alájì pàápàá kò ní gbọ́. Mo rẹ́rìn-ín sínú. Ní ọjà, ẹni tó bá sọ fún ẹ pé òun kò ní sọ, ó ti ń wá ẹni tó máa sọ fún.

Ó wá bi mí pé, láti òdo dé mẹ́wàá, báwo ni ẹ̀rù ṣe ń bà mí tó bí mo bá dúró nídìí bọ́ọ̀lù. Òótọ́ rẹ̀ ni mẹ́sàn-án. Àmọ́ oníṣòwò wo ló ń kọ́kọ́ sọ iye tó ra ọjà rẹ̀?

Mo ní, "Méjì."

Mo fẹ̀yìn ti àga, mò ń retí kó ní òun kò gbà, kó pe mẹ́jọ, kí n fi díẹ̀ lé e, ká jọ fẹnu kò sí márùn-ún. Kò ná an. Ó ní ó dára, ó sì tẹ̀síwájú. Ó bi mí nípa oorun, mo ní bí ọmọ ọwọ́ ni mò ń sùn. Ká ní ìyàwó mi wà níbẹ̀, ì bá ti bú sẹ́rìn-ín.

Akísí ronú díẹ̀, ó ní ó jọ pé ara mi ló ń sùn jù bí mo bá dé ìdí bọ́ọ̀lù, ká gbìyànjú láti jí i. Kí n máa fò sókè, kí n fọwọ́ gbá itan, kí n mí kíákíá, kí n sì sọ ọ̀rọ̀ akin kan nínú ọkàn mi. Ó ní kí n dán an wò ná, kí n padà wá sọ bó ṣe rí kí n tó gbé e dé pápá. Ìyẹn ni mo mójú kúrò lára rẹ̀. Ẹni tó ra òògùn, ṣé ó tún ń padà lọ tọrọ àyè kó tó lò ó?

Ní ìsọ̀ ni mo ti dán an wò. Ọkùnrin kan láti Bodokro wá ra okùn bíréèkì, ó bá mi tí mò ń fò lẹ́yìn tábìlì. Ó bi mí ní Dioula, èdè ọjà wa, bóyá ejò ló wọlé. Kí n tó rí èémí dá a lóhùn, ó ti wà ní ìsọ̀ kejì.

Ọjọ́ Àìkú dé, a pàdé ẹgbẹ́ àwọn ará Gonfreville. Ó ku díẹ̀ kó parí ni wọ́n gbé ẹnìkan nínú wa ṣubú. Pẹnátì. Alájì gbé bọ́ọ̀lù fún mi. Ẹ̀rù mẹ́sàn-án tí mo ní ti ń ṣiṣẹ́, mo wá tún gbé omíràn lé e. Mo fò. Mo gbá itan. Mo mí títí pápá fi ń yí lójú mi. Ọ̀rọ̀ akin tó ní kí n sọ sínú, mo ké e síta: "Èmi rè é!" Gbogbo pápá yíjú, wọ́n fẹ́ wo ẹni náà.

Mo sáré, mo gbá a. Bọ́ọ̀lù yí lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Bàtà mi ló bọ́, ó fò, ó sì wọ àárín gólù gan-an. Adájọ́ wò ó, ó wò mí. Àwọn ará Gonfreville ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ní kó kà á, pé bàtà ti jẹ ọ̀kan. Ọ̀mì la ta. Nígbà tí mo dé ìsọ̀ lọ́jọ́ Ajé, àwọn aládùúgbò mi ti so bàtà ẹsẹ̀ kan mọ́ ilẹ̀kùn mi. Inú mi ò dùn, àmọ́ ká sòótọ́, bó bá jẹ́ ti ẹlòmíràn, méjì lèmi ì bá so.

Mo padà lọ bá Akísí, mo ní òògùn rẹ̀ kò dára. Kò bínú. Ó ní kí n ṣàlàyé bó ṣe rí láyà mi kí n tó gbá a. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ló gbójú sókè.

"Tọ́ńtọ́n," bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe àgbàlagbà níbí, "ẹ̀rù yín yẹn, eélòó ni?"

"Mẹ́sàn-án."

"Ṣé jálẹ̀ rẹ̀ nìyẹn?"

"Iye tí mo rà á nìyẹn."

Ó rẹ́rìn-ín, ó wá ní, "Ohun tí mo fún yín, ti ẹni tó ń sùn ni. Ẹ̀yin ò sùn rárá."

Ó ní ó yẹ kí òun náà ti kọ́kọ́ wá wò mí lórí pápá, láti ìgbà náà ló sì ń wá. Ó kọ́ mi kí n mí sínú díẹ̀, kí n tú u síta pẹ́. Kí n tẹjú mọ́ ibì kan ṣoṣo. Kí n máa gbẹ́sẹ̀ bákan náà nígbà gbogbo, bí ẹni tó ń ṣe àlùwàlá tí kò ronú èwo ló kàn. Mo bi í pé ọjọ́ wo ni ẹ̀rù náà yóò lọ. Ó ní òun kò ṣèlérí pé yóò lọ, kí n kọ́ bí mo ṣe máa gbá bọ́ọ̀lù tòun tẹ̀rù. Kò yá rárá. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni, káfíńtà ń gbá pẹnátì, èmi ń ṣọ́ báàgì.

Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ káfíńtà rọ́, Alájì sì dá mi padà sórí pápá. Bí wọ́n ṣe fún wa ní pẹnátì báyìí ló gbé bọ́ọ̀lù wá, ó ń yí i lọ́wọ́. Ó bi mí bóyá ẹ̀rù ń bà mí.

Mo ní, "Ó ń bà mí, Alájì. Ó pọ̀."

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Èmi náà, àbúrò. Kí lo rò pé mo fi ń gbé e fún ẹ láti ọjọ́ yìí?"

Ó ti bọ́ọ̀lù mọ́ mi láyà, ó sì yára lọ kí n má baà dá a padà. Mo tú èémí síta, mo gbẹ́sẹ̀, mo gbá a. Bọ́ọ̀lù náà kò yára, ó rọra ń yí lọ bí àgbà tó ń lọ kírun, ó sì wọlé. Wọ́n wá ẹlòmíràn ṣọ́ báàgì.

Ohun tí mo kọ́ kò ju èyí lọ: bí ẹ bá lọ bá irú Akísí, iye tí ẹ rà á gan-an ni kí ẹ sọ, torí wọn kì í ná an, ohun tí ẹ bá pè ni wọ́n fi ń wọn òògùn. Ọ̀dọ̀ Akísí àti létí Alájì nìkan lèmi ti ń sọ ọ́ o. Bí ẹ bá pàdé èmi àti Alájì lọ́jà, àyà wa le bí irin. Mo ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.