Ilé Tíṣà Ṣóyọyè Ti Di Títà

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ẹ̀yin ará Òkè-Apá, ẹ gbọ́ o! Onílé, ẹ gbọ́! Ayálégbé, ẹ gbọ́! Ẹ̀yin tí ẹ ti kó sínú ilé tí ẹ ò tíì kan òrùlé rẹ̀, ẹ kúkú sún mọ́ ibí, ọ̀rọ̀ yín wà níbẹ̀ pẹ̀lú!

Kábíyèsí kí yín. Kábíyèsí ní inú ń bí àwọn, ẹ̀rín sì ń pa àwọn, àwọn ò mọ èyí tí àwọn ì bá fi ṣáájú.

Ẹjọ́ ilé ni! Ẹjọ́ ilé Tíṣà Ṣóyọyè ni! Ilé kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi, èyí tí wọ́n fi ọ̀dà dúdú kọ gàdàgbà sí lára pé ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ọmọ mélòó nínú ìlú yìí ni kò ti ara ògiri yẹn mọ̀wé kà?

Ogún ọdún sẹ́yìn ni Tíṣà fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Ó lọ kí àna rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta péré. Nígbà tó máa fi dé, ó bá àlejò kan tó ń wọn yàrá rẹ̀, tó ní òun àti ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní onílé ti sọ ọ́ tán. Inú bí Tíṣà. Ó ra ọ̀dà tó dára jù lọ, èyí tí òjò ò lè fọ̀. Ẹ̀yin náà rí i, ó wọ̀ yín lójú. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, gbogbo yín ti kọ tiyín! Ẹ kọ ọ́ sára ilé. Ẹ kọ ọ́ sára ilé adìyẹ. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, bàbá kan ní ìsàlẹ̀ odò tún kọ ọ́ sára ewúrẹ́! Ewúrẹ́ ọ̀hún ti bímọ mẹ́fà, kò sẹ́ni tó bèèrè iye rẹ̀.

Ayé wá yí. Morọ́lákẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tí Tíṣà bí, bí ìbejì sí Mínà. Ó ní kí bàbá òun máa bọ̀, yàrá ti wà. Tíṣà ò tíì fojú kan àwọn ọmọ náà. Lórí fóònù ló ti ń gbọ́ ẹkún wọn, ó sì ti mọ ẹkún Táyé yàtọ̀ sí ti Kẹ́hìndé. Ó fẹ́ lọ, ó fẹ́ lọ gidi. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ fi ilé sílẹ̀ lófìfo, torí ẹni tó bá ti ilé pa níbí, ẹlòmíì á bá a tà á. Ó ní kóun kúkú tà á fúnra òun.

Ó ṣe é létòlétò bí tíṣà. Ó gbé ìwé ilẹ̀ lọ bá Lọ́yà Adéṣígbìn, lọ́yà yẹ ìwé wò, ó ní ó pé. Ìyá Abíọ́nà tó ń yan búrẹ́dì ní òun á rà á. Ó dé iwájú ilé, ó gbójú sókè, ó ka ògiri, ó yí padà. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, ó tún wá. Ó tún ka ògiri, ó tún yí padà! Ó ní òun ò lè ka ìkìlọ̀ tán kóun tún fẹsẹ̀ ara òun kó sí kòtò.

Ni Tíṣà bá ra ọ̀dà funfun. Ó gun àkàbà láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, nígbà tí àdúgbò pa rọ́rọ́. Ó fi aṣọ wé imú àti ẹnu nítorí òórùn ọ̀dà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ọ̀rọ̀ méjì rẹ́ ni akéde kan kọjá.

Akéde wo ni? Ẹ jẹ́ ká ṣì bò ó láṣìírí ná. Ó rí ọkùnrin tó fi aṣọ bojú, tó ń pa ìkìlọ̀ rẹ́ lára ilé onílé. Kò bèèrè. Ó lu agogo! Ó ní gbájúẹ̀ ti dé! Ìlú tú síta. Ṣọ́ọ̀ṣì tú láìṣe oore-ọ̀fẹ́! Wọ́n yọ àkàbà, ọ̀dà dà sí Tíṣà lórí, ojú rẹ̀ funfun báláú, kò sẹ́ni tó dá a mọ̀ mọ́. Àwọn tó kọ́ ní A, B, D ló ń wọ́ ọ lọ sáàfin.

Tíṣà ò tilẹ̀ bínú. Ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni. Ó tú aṣọ ẹnu rẹ̀, ó ní: "Kábíyèsí, èmi ni mo kọ ọ́, èmi náà ni mò ń pa á rẹ́. Àwọn ọmọ ọmọ mi ti fẹ́ máa rìn, n kò tíì gbé wọn rí."

Kábíyèsí nu ojú wọn. Wọ́n wo Tíṣà, wọ́n wo ọ̀dà, ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín, tí adé fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí lórí wọn. Nítorí náà, ẹ gbọ́ àṣẹ o! Ẹ gbọ́ àṣẹ!

Èkíní! Ẹni tó bá fẹ́ ra ilé, kó má bi ògiri! Kó wo ìwé! Ògiri kì í lọ jẹ́rìí ní kóòtù. Ẹni tó bá tún bi ògiri léèrè, yóò dúró síwájú rẹ̀ lọ́jọ́ ọjà, yóò máa kí i títí ògiri yóò fi dáhùn.

Èkejì! Ṣé rìsíìtì nìkan tó? Kò tó! Kò tó! Kò tó! Rìsíìtì ni wọ́n ń já fún ẹni tó ra fìlà. Ilé gba ìwé àdéhùn, ó gba sọ́fè, ó gba ẹlẹ́rìí. Ẹni tó bá mú rìsíìtì nìkan wá, wọ́n á ní kó wọnú rẹ̀ lọ sùn.

Ẹ̀kẹta! Ilé ẹbí kì í ṣe ti dáódù, àkọ́bí ọkùnrin, nìkan. Kí olórí ẹbí fọwọ́ sí i, kí àwọn àgbà ẹbí fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá dá a tà, gbogbo ẹbí ni yóò kó wá bá a gbé, títí kan àwọn tó ti òkè òkun dé, títí wọn yóò fi dárí jì í. Wọn kì í sì í tètè dárí jini!

Ẹ̀kẹrin! Lọ́yà ẹni tó ń tà kò gbọdọ̀ tún jẹ́ lọ́yà ẹni tó ń rà. Ẹnu kan kì í mu ẹ̀kọ kó tún máa súfèé.

Ẹ̀karùn-ún! Ayálégbé tó pẹ́, ayálégbé ni! Bó gbin ata sẹ́yìnkùlé, ata ló ni.

Ẹ̀kẹfà! Ẹni tí ilé rẹ̀ kì í bá ṣe títà, kó jókòó sínú rẹ̀! Kó má kọ nǹkan kan! Kí wọ́n wẹ ewúrẹ́ ọ̀hún kó mọ́.

Èkeje rèé, òun ló dun akéde jù. Akéde tó lu agogo láì bèèrè, òun ni yóò gun àkàbà láàárọ̀ ọ̀la, tí yóò pa ìyókù ọ̀rọ̀ náà rẹ́. Ìyá Abíọ́nà yóò dúró nísàlẹ̀, yóò máa wò ó. Bí ògiri bá ti mọ́, yóò fọwọ́ síwèé. Ọjọ́bọ̀ ni mọ́tò Mínà ń gbéra. Tíṣà ti di ẹrù, ó ti ra fìlà ọmọdé méjì. Bí ògiri ò bá mọ́ lọ́la, ìbejì á tún máa retí.

Orúkọ akéde ọ̀hún? Àjàdí ni. Àjàdí tí òun àti Tíṣà jọ ń ta ayò láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ojú ń tì í. Ó sì ń bẹ yín: bí ẹ bá rí ọkùnrin kan lórí àkàbà lọ́la, tó fi aṣọ bojú, tó ń pa ìkìlọ̀ rẹ́ lára ilé onílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bèèrè ná. Agogo á wà nílẹ̀, kò sí bó ṣe máa kéde ara rẹ̀.

Ohùn Kábíyèsí ni, ẹnu Àjàdí ló gbà jáde. Etí tó bá gbọ́, kó wá bá a di àkàbà mú o!